Oúnjẹ ewéko àti ìdárayá lọ́jọ́ ogbó ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Oúnjẹ ewéko ni oúnjẹ tí ewé, èso, iṣu, ọkà, ẹ̀wà àti ẹ̀pà pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà sì jẹ́ díẹ̀ tàbí kí wọ́n má sí rárá. Àwọn kan kì í jẹ ẹran àti ẹja ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹyin, wọ́n sì ń mu mílíìkì. Àwọn mìíràn kì í fẹnu kan ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá, títí kan oyin. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀pọ̀ àgbà tí kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí ló ti jẹun báyìí dàgbà, nítorí pé ohun tí oko mú wá nìyẹn. Ẹran jẹ́ ti ọdún, ti ìgbéyàwó àti ti àlejò pàtàkì. Ìwọ̀n ló yí padà láàárín ìran méjì sẹ́yìn: òkèlè ń tóbi sí i, ẹ̀fọ́ ń kéré sí i, ọ̀kadà sì ti gba ìrìn ẹsẹ̀ mọ́ àgbà lọ́wọ́.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2021 sí 2030 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ dídàgbà pẹ̀lú ìlera. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tirẹ̀ dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa jẹ ó kéré tán gíráàmù 400 èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́. A kì í ka iṣu àti gbágùúdá mọ́ ọn.

Ohun tó wà nínú ìkòkò

Ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ tí wọ́n fi ń dá Ìjẹ̀bú mọ̀. Wọ́n á bó ewùrà, wọ́n á rin ín, wọ́n á wá máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, tó ní epo pupa, ata, àlùbọ́sà àti irú. Nígbà tó bá jinná, á rọ̀, á sì ní kókó kéékèèké nínú, ẹni tí eyín rẹ̀ ti ń ká lè jẹ ẹ́ láìjìyà. Ẹja gbígbẹ àti edé sábà máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìkọ́kọrẹ́ gan-an kì í ṣe oúnjẹ ewéko pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ á yọ ẹja kúrò, á fi irú púpọ̀ àti olú gbígbẹ dípò rẹ̀. Àwọn tí ìkọ́kọrẹ́ ti mọ́ lára láti kékeré kì í sábà gbà pé ìkọ́kọrẹ́ ni ìyẹn. Ewùrà yìí náà ni wọ́n fi ń dín òjòjò. Ní Rẹ́mọ, kókò ló gbayì jù: wọ́n á rin ín, wọ́n á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á pọ́n ọn sínú ewé, wọ́n á sè é di ẹ̀bìrìpò, tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ ata tàbí ẹ̀fọ́ jẹ.

Gàrí Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀ ti di ọjà káàkiri Nàìjíríà. Ó kan nítorí pé wọ́n ń jẹ́ kí gbágùúdá rírin wà nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó yan án. Kíkan yẹn àti yíyan náà ló ń dín májèlé sáyánáìdì inú gbágùúdá kù, torí náà gàrí tí wọ́n fi ìkánjú ṣe kò dára bíi ti àtijọ́. Àmọ́ afáralókun ni gàrí. Amúaradàgbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Àgbà tó mu gàrí lásán lọ́sàn-án, tó tún jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú omi ọbẹ̀ lálẹ́, jẹ oúnjẹ ewéko lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ ohun tí yóò gbé iṣan ara rẹ̀ dúró. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan nínú gàrí yẹn ń tún un ṣe díẹ̀.

Àwọn Yorùbá a máa sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Kò sí ẹ̀fọ́ nínú ìtò yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀wà. Òkèlè ni wọ́n ń kà sí oúnjẹ. Ọbẹ̀ jẹ́ ohun tí a fi ń gbé e mì. Ibi tí ìṣòro àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ń bá fínra pọ̀ sí nìyẹn, ju ẹran lọ.

Kì í sì í ṣe pé ẹ̀fọ́ wọ́n. Tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewúro, ẹ̀bòlò, wọ̀rọ̀wọ́ àti ewédú wà lọ́jà gbogbo, àwọn obìnrin a sì máa gbin wọ́n sí àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oko òkè bá ti gbẹ. Ọ̀dú pẹ̀lú ń bẹ, èyí tí òwe sọ pé kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìgbàgbọ́ pé ó ń sọ ọkọ di yọ̀kọ̀tọ̀. Ìkù díẹ̀ káàtó tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ alásè a máa da omi gbígbóná lé ẹ̀fọ́, wọ́n á fún un gbẹ, wọ́n á sì da omi náà nù, tòun ti púpọ̀ nínú fítámì C rẹ̀. Ó bójú mu fún ewúro tó korò. Tẹ̀tẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Ìlíṣàn àti àwọn tó fi ẹran sílẹ̀

Ní Rẹ́mọ, ibi tí àìjẹ ẹran ti di ìlànà gbangba ni Ìlíṣàn. Ìjọ Seventh-day Adventist dá ilé ìwé gíga kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1959 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 7. Òun ló di Yunifásítì Babcock ní 1999, tí wọ́n fi sọ orí David C. Babcock, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ náà ní Nàìjíríà ní 1914. Láti ọ̀rúndún 19 ni ìjọ yìí ti ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n yàgò fún ọtí àti sìgá, kí wọ́n má jẹ ẹran tí Léfítíkù orí 11 pè ní aláìmọ́, kí ẹni tó bá sì lè ṣe é fi ẹran sílẹ̀ pátápátá. A mọ ilé oúnjẹ Babcock mọ́ ọbẹ̀ tí kò ní ẹran, tí sóyà ń dúró nípò rẹ̀. Kì í tètè mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lára.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọ ìjọ náà ní California, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé àwọn ọkùnrin wọn ń fi ọdún 7.3 pẹ́ láyé ju àwọn ọkùnrin yòókù níbẹ̀ lọ, àwọn obìnrin wọn sì ń fi ọdún 4.4 ju ẹgbẹ́ wọn lọ. A kò lè gbé gbogbo rẹ̀ karí ẹ̀fọ́, nítorí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í mu sìgá, wọ́n ń ṣe eré ìdárayá, wọ́n sì ń sinmi lọ́jọ́ Sábáàtì. California sì kì í ṣe Ìlíṣàn.

Ohun tó yẹ kí àgbà ṣọ́

Amúaradàgbà ni àkọ́kọ́. Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà ni iṣan ara rẹ̀ ń dín kù, ara rẹ̀ kì í sì í lo amúaradàgbà dáadáa bíi ti ọ̀dọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń dámọ̀ràn fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65 jẹ́ gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n, ìyẹn gíráàmù 60 sí 72 lójúmọ́ fún ẹni tó wọn kílò 60. Ife ẹ̀wà sísè kan kò ju bíi gíráàmù 13 sí 15 lọ. Ẹni tí kò jẹ ẹran gbọ́dọ̀ máa rí ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí tàbí wàrà sóyà nínú oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Fítámì B12 kò sí nínú ewéko. Àìtó rẹ̀ a máa fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa kú tìpìrì. Inú àgbà kì í gbà á dáadáa tẹ́lẹ̀, oògùn metformin tí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ń lò sì tún ń dín in kù. Nítorí náà, ẹni tí kò jẹ ohun ẹranko rárá nílò oògùn B12. Irú kò lè rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kó gbajúmọ̀ tó. Èròjà irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kì í wọ ara bíi ti inú ẹran, ṣùgbọ́n ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tí a jẹ mọ́ ọn a máa ràn án lọ́wọ́. Tíì tí a mu tẹ̀ lé e ń dí i lọ́nà. Alárùn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́pọ̀ láì bá dókítà sọ̀rọ̀.

Iyọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí kò tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan. Máàgì ló ń mú kí ó kọjá bẹ́ẹ̀ láìfura. Irú ń mú ọbẹ̀ dùn láìní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àyàfi èyí tí àwọn olùtà ti fi iyọ̀ sí kó má bàa bàjẹ́. Epo pupa wá láti ara igi, síbẹ̀ bíi ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń dì, tí a kì í fẹ́ kó pọ̀ fún ẹni tí ọkàn ń dà láàmú.

Ara tó ń rìn

Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ìṣẹ́jú 150 sí 300 ìrìn tàbí iṣẹ́ tó ń mú ara gbóná níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀, kí ẹni tó ti tó ọdún 65 sì fi ohun tó ń mú iṣan le kún un lọ́jọ́ 2, àti ohun tó ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìdúróṣinṣin lọ́jọ́ 3, kó má bàa máa ṣubú. Àgbẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rin lọ sóko, tó ń kọ ebè, tó tún gbé iṣu wálé ti ṣe gbogbo rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀. Àgbà tó ti fi oko sílẹ̀, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó sì ń gun ọ̀kadà lọ sí ọjà, kò ṣe ìkankan nínú rẹ̀.

Nígbà tí Táí Ṣóláàrín, gbajúgbajà olùkọ́, dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Rẹ́mọ, ní January 1956, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbin ohun tí wọ́n ń jẹ. Ìwà ìgbà èwe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bá ènìyàn dé ọjọ́ alẹ́.

Ìjẹ̀bú-Òde ní ohun kan tí àwọn ìlú mìíràn lè wo: ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tí wọ́n ń pè ní regbẹ́regbẹ́. Àwọn tí ìbí wọn súnmọ́ra ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, bíi Gbọbaníyì àti Bọ́bakẹ́yẹ, ẹgbẹ́ wọ̀nyí sì tún gbilẹ̀ ní ayé Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí di 2025. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, níbi tí wọ́n ti ń fi ijó wọlé níwájú ọba, àgbà ọkùnrin àti obìnrin. Ìpàdé ẹgbẹ́ jálẹ̀ ọdún ń lé ìdáwà jìnnà, ìdáwà náà sì wà lára ohun tó ń sọ àgbà di aláìsàn. Pé ọjọ́ ijó yìí bọ́ sí àsìkò tí ẹran àgbò pọ̀ jù nílé kò tíì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ilẹ̀, igbó àti ewé

Ní 2013, Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ti Àgbáyé ṣírò pé ẹran ọ̀sìn ló ń fa ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn tí ọwọ́ ènìyàn ń tú jáde láti mú ayé gbóná. Púpọ̀ nínú màlúù tí wọ́n ń pa ní Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ èyí tí ọkọ̀ gbé wá láti òkè ọya. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ẹ̀wà ti ń wá, ohun ewéko kò sì dédé jẹ́ ọ̀rẹ́ igbó. Igbó Omo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, tí UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kà mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ rẹ̀ ní 1977, tí erin ṣì ń gbé, oko kòkó ló ń jẹ ẹ́ wọlé, kì í ṣe màlúù.

Lábẹ́ ìbòòji irú igbó bẹ́ẹ̀ ni ewé eéran ti ń hù, ewé tí wọ́n ń fi pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ó ń jẹrà padà sínú ilẹ̀ láìpẹ́, ó sì ń fi òórùn tirẹ̀ sínú oúnjẹ. Níbi tí wọ́n bá ti gé igi, ewé náà á wọ́n, owó rẹ̀ á lọ sókè, alásè á sì mú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Ní ọjà Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń béèrè bóyá ewé ni wọ́n fi sè é kí wọ́n tó ra mọ́ínmọ́ín.