Ohun Tí Kìnnìún Ń Jẹ ní Ọ̀dàn Pendjari

Kìnnìún tó kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò pọ̀ mọ́ rárá. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn ló wà ní Pendjari, ní àríwá Benin, àti ní àwọn igbó ọba tó so mọ́ ọn ní Burkina Faso àti Niger. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe ẹgàn, torí inú ọ̀dàn ni ẹran tó ń jẹ koríko ti pọ̀: egbin, ìrá, ìmàdò, ẹfọ̀n.

Bí ebi ṣe tó ló ń pinnu ẹran tí kìnnìún máa dojú kọ. Abo kan nílò nǹkan bíi kílò 5 lójúmọ́, akọ nílò bíi 7, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í rí i lójoojúmọ́. Ẹran kéékèèké kì í tó agbo jẹ, àgbà erin sì lágbára jù fún wọn. Ẹfọ̀n lè yó gbogbo agbo, ṣùgbọ́n ìwo rẹ̀ lè pa kìnnìún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń kóra jọ kọlù ú.

Eré kìnnìún le, àmọ́ kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà yóò dàyà délẹ̀ nínú koríko, yóò máa rá sún mọ́ ẹran náà títí yóò fi ku nǹkan bíi 30 mítà tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, kó tó fò yọ. Òru tí òṣùpá kò sí ló dára jù fún un. Síbẹ̀, ìgbà tí ẹran ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ pọ̀ ju ìgbà tó ń rí pa lọ. Bó bá mú un, ọ̀fun ló ń dì mú, tàbí kó fi ẹnu bo ẹnu àti imú rẹ̀ títí èémí yóò fi pin.

Ikùn ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ fà ya. Ẹ̀dọ̀, ọkàn àti kíndìnrín ló ń ṣíwájú, ẹ̀jẹ̀ sì ń dín òùngbẹ kù, ṣùgbọ́n koríko inú àpòlúkù ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀. Kìnnìún kì í rún ẹran; eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ń gé e bí àlùmọ́gàjí, ó sì ń gbé e mì. Ahọ́n rẹ̀ tó rí ṣákaṣàka ló fi ń họ ìyókù kúrò lára egungun. Akọ a lé àwọn abo sẹ́yìn, àwọn ọmọ a jẹ kẹ́yìn. Nígbà tí ẹran bá wọ́n, àwọn ọmọ ni ebi kọ́kọ́ ń pa kú, ó sì máa ń ṣeni láàánú.

Ó tún máa ń jẹ òkú ẹran. Bó bá rí igún tó ń sọ̀kalẹ̀, á tọ ibẹ̀ lọ, á sì gba ẹran mọ́ ìkookò lọ́wọ́.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi á gbẹ, ẹran á kóra jọ sídìí ìwọ̀nba adágún tó kù, kìnnìún á sì lúgọ sí tòsí. Bí òjò bá dé, ẹran á fọ́n káàkiri, ìmàdò tàbí òòrẹ̀ ni kìnnìún lè máa rí jẹ.

Ewu ńlá ni kí ọdẹ tó ń pa ẹran tà kó egbin àti ẹfọ̀n tán nínú igbó. Màlúù àwọn darandaran ló kàn nìyẹn. Àwọn tó ni màlúù a sì máa fi májèlé sí òkú màlúù tí kìnnìún bá pa. Kìnnìún tó bá padà wá jẹ ẹ́ á kú, igún tó bá bà lé e á kú pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, Kainji àti Yankari nìkan ni kìnnìún ṣì kù sí nínú igbó, ìṣòro yìí kan náà ló sì dojú kọ wọ́n níbẹ̀.