Ẹni Tó Mọ Ọ̀rọ̀ Aṣínà Kọ́ Ló Ni Àkáǹtì

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé nígbà tó jẹ́ orúkọ àti fọ́tò àwọn ló wà lórí àkáǹtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, táwọn nìkan sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, àwọn ló ni ín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ayálégbé ni wá. Àdéhùn rẹpẹtẹ tá a máa ń gbà láìkà sọ ọ́ kedere: ohun tó o kọ lè jẹ́ tìrẹ, àmọ́ ilé-iṣẹ́ ló ni ibi tó o kọ ọ́ sí, ó sì lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ.

Ohun tá a fowó rà pàápàá ò yọ sílẹ̀. Lóṣù Keje ọdún 2009, àwọn kan tó ra ìwé Animal Farm àti 1984 sórí Kindle wọn, ìyẹn ẹ̀rọ ìkàwé tí ilé-iṣẹ́ Amazon ń tà, ṣàdédé wá a tì. Ẹni tó gbé ìwé náà sórí àtẹ Amazon ò láṣẹ láti tà á, ni Amazon bá pa á rẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì dá owó padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan pè wọ́n lẹ́jọ́, torí àlàyé tó ti kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà ò wúlò mọ́.

Àwọn kan ní NFT, ìyẹn ẹ̀rí orí íńtánẹ́ẹ̀tì pé èèyàn ló ni nǹkan kan, ló máa yanjú ẹ̀. Èmi ò gbà. Nínú ọ̀pọ̀ NFT, àwòrán ò sí lórí blockchain, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú. Ìlujá (link) tó júwe ibi tó wà ló wà níbẹ̀. Bí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwòrán náà wà lórí rẹ̀, bá kú, ìlujá nìkan ló ṣẹ́ kù sí ẹ lọ́wọ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni kó o lè kó jáde láìpàdánù èèyàn rẹ. Ìlànà ActivityPub, tí W3C, àjọ tó ń gbé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, fọwọ́ sí lọ́dún 2018, lè ṣèrànwọ́ fún irú ẹ̀. Mastodon, ìkànnì àjọlò kan, ń lò ó: sáfà pọ̀, àwọn tó ni wọ́n yàtọ̀ síra, síbẹ̀ wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ bíi ti ímeèlì. Bí ọ̀kan ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, wàá kó lọ sí òmíràn, àwọn tó ń tẹ̀ lé ọ á sì bá ọ lọ. Ọ̀rọ̀ tó o ti kọ sẹ́yìn ò ní tẹ̀ lé ọ, àbùkù ńlá sì nìyẹn lójú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ ẹni tó bá ń kọ̀wé pé kó forúkọ dómeènì tiẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì tiẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì tọ́jú ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọdọọdún lèèyàn ń sanwó dómeènì, àmọ́ tó o bá pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé e fún ọ, àdírẹ́sì rẹ ò ní yí padà.