Ta ló mú owó páńẹ́lì sólà wálẹ̀?

Ìbéèrè: Ọjọ́ ti pẹ́ tí oòrùn ti ń ràn. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìsinsìnyí ni páńẹ́lì sólà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kún orí òrùlé?

Ìdáhùn: Owó rẹ̀ ló já wálẹ̀. Ọdún 1954 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ti fi sílíkọ́nì ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tó wúlò, àmọ́ ó wọ́n bí ojú. Àwọn tó ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ sí òfuurufú ni apá wọn ká a. Ní nǹkan bí ọdún 1977, owó páńẹ́lì tó lè mú iná wáàtì kan ṣoṣo wá ṣì ju 50 dọ́là lọ. Lónìí, kò tó ìdajì dọ́là nílé-iṣẹ́ tó ń ṣe é.

Ìbéèrè: Ọgbọ́n tuntun wo ni wọ́n wá dá sí i?

Ìdáhùn: Wọ́n dá ọgbọ́n o, ṣùgbọ́n òfin ló wá ọjà fún un. Jámánì ni kí ẹ wò, ilẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ kò tó tiwa rárá. Lọ́dún 2000, wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fi sólà sórí ilé rẹ̀, dandan ni kí ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà iná ra iná náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iye tí wọ́n máa rà á kò ní yẹ̀ fún 20 ọdún: nǹkan bí 51 sẹ́ǹtì owó yúrò fún kílówáàtì kan fún wákàtí kan, tó ju iye iná lásìkò náà lọ fíìfíì. Àgbẹ̀ lásán wá lè mú òfin yìí lọ sí báńkì, kí wọ́n sì yá a lówó. Ta ló wá ń san án? Gbogbo ilé tó ń tan iná ni. Wọ́n pín in mọ́ owó iná wọn, títí di oṣù keje ọdún 2022 tí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Àwọn ará Jámánì kùn, wọ́n kùn gan-an, àmọ́ lójú tèmi, gbogbo ayé ló ń jẹ nínú owó tí wọ́n san yẹn.

Ìdí ni pé nígbà tó dájú pé ọjà wà, ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bí àpapọ̀ páńẹ́lì tí aráyé ti ṣe bá ti di ìlọ́po méjì, owó rẹ̀ ń fi bí ìdá 20 nínú 100 wálẹ̀. Ìjọba Ṣáínà náà rí i, wọ́n yá àwọn oníṣẹ́ wọn lówó ńlá, ọwọ́ wọn sì ni èyí tó ju ìdá 80 nínú 100 iṣẹ́ náà wà báyìí. Q-Cells, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù ní Jámánì, kógbá wọlé lọ́dún 2012. Ẹni tó gbin igi kọ́ ló ká èso.

Ìbéèrè: Ní Nàìjíríà ńkọ́? Ṣé nítorí àyíká ni àwọn èèyàn ṣe ń ra sólà?

Ìdáhùn: Rárá o. Owó epo ni. Ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kó tó pẹ́, lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà ti di nǹkan bí 500. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n tún gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, sókè láti nǹkan bí 68 sí 225 náírà fún kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Kò sí ẹni tó dárúkọ ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ di ẹrù ńlá.

Ìbéèrè: Bó bá ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí apá mi kò fi ká a?

Ìdáhùn: Dọ́là ló fi wálẹ̀, náírà la sì ń ná. Bátìrì lítíọ́mù tó ń gbé iná dé òwúrọ̀ náà ti wálẹ̀ púpọ̀ láti ọdún 2010, síbẹ̀ òun ló ń jẹ owó jù. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ lè ra epo lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, nígbà tí onísólà ń san owó epo ọdún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àgbẹ̀ Jámánì rí báńkì yá lówó lórí èlé tó kéré. Níbí, nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀ pàápàá jẹ́ 27.5 nínú 100, èyí tí báńkì máa gbà lọ́wọ́ yín sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.