Yíyá ọkọ̀ tóóró fún ìsinmi lórí àwọn kánáàlì ilẹ̀ Brítéènì

Yíyá ọkọ̀ tóóró jẹ́ ọ̀nà ìgbafẹ́ kan ní ilẹ̀ Brítéènì, nínú èyí tí ìdílé tàbí àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan máa ń háyà ọkọ̀ ojú omi tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú, tí wọ́n sì máa ń tù ú fúnra wọn fún ọjọ́ mẹ́ta títí dé ọ̀sẹ̀ méjì, láìgba atukọ̀ kankan síṣẹ́. Orí kánáàlì, ìyẹn odò tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́, ni púpọ̀ nínú ìrìnàjò náà ti ń wáyé. Òfin kò béèrè ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yá ọkọ̀, kò sì pọn dandan kí ó ti di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú rí. Àlàyé àti ìdánrawò tí òṣìṣẹ́ bá ṣe fún un ní èbúté kí ó tó gbéra ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó máa ń rí gbà. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé ọkọ̀ náà kì í sáré. Ìwọ̀n eré tí wọ́n fàyè gbà lórí ọ̀pọ̀ kánáàlì kò ju máìlì 4 ní wákàtí kan lọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 6.4, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ń yára rìn ní bèbè omi lè bá a dọ́gba.

Bí ọkọ̀ náà ṣe rí

Ìbú ọkọ̀ tóóró kì í pé ẹsẹ̀ bàtà 7, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 10. Gígùn rẹ̀ ni ó máa ń yàtọ̀: àwọn kan wà tí wọn kò ju ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà lọ, èyí tó gùn jù sì máa ń tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 72. Nítorí náà ni inú rẹ̀ fi dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, tí ibùsùn, ibi ìdáná àti ibi ìjókòó tò tẹ̀lé ara wọn láti iwájú dé ìdí. Irin ni wọ́n fi ń kan ara àwọn ti òde òní, ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ tó wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀, ìdí náà sì ni atukọ̀ máa ń dúró sí láti fi ọ̀pá ìtọ́kọ̀ darí rẹ̀.

James Brindley, onímọ̀ ẹ̀rọ tó gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn kánáàlì àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà, ni ó fa ìbú yìí. Òun ló bá Ọlọ́lá Bridgewater ṣe kánáàlì tó gbé èédú láti Worsley lọ sí Manchester ní 1761, èyí tó mú kí owó èédú já wálẹ̀ gan-an ní ìlú náà. Nígbà tó yá, tó fẹ́ gbẹ́ kánáàlì Trent àti Mersey, ó pinnu pé àwọn lọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn iyàrá omi tí ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀, kò ní fẹ̀ ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, kí owó àti omi má baà ṣòfò, àti kí ihò tí yóò gba abẹ́ òkè Harecastle kọjá má baà tóbi jù. Brindley kú ní 1772, ọdún márùn-ún ṣáájú kí wọ́n tó parí kánáàlì náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó fi lélẹ̀ ni àwọn tó gbẹ́ kánáàlì káàkiri àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé, òun náà ló sì ń pinnu bí ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn lónìí yóò ṣe fẹ̀ tó.

Láti ẹrù dé ìgbafẹ́

Ẹrù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ àwọn ọ̀nà omi wọ̀nyí. Ẹṣin tó ń rìn ní bèbè ló ń fi okùn fa ọkọ̀, ìdílé àwọn atukọ̀ a sì máa gbé inú yàrá kékeré kan ní ìdí ọkọ̀, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 3 lọ, pẹ̀lú gbogbo ọmọ wọn. Àwòrán òdòdó rósì àti ilé olódi tí wọ́n ń kùn sára ọkọ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ háyà títí di òní. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ní ọ̀rúndún 19, ó gba ẹrù náà díẹ̀díẹ̀. Ìjọba gba púpọ̀ nínú kánáàlì sí ọwọ́ ara rẹ̀ ní 1948, òtútù líle ìgbà òtútù 1962 sí 1963, tó sọ omi di yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fòpin sí iye òwò tó kù.

Ní àkókò tí púpọ̀ nínú wọn ti kún fún ẹrẹ̀ àti koríko ni àwọn olólùfẹ́ kánáàlì dìde. L.T.C. Rolt, tó ti gbé inú ọkọ̀ tirẹ̀ tó ń jẹ́ Cressy, kọ ìwé kan jáde ní 1944 nípa ìrìnàjò rẹ̀, nípa ìwé náà sì ni òun àti Robert Aickman fi mọ ara wọn, tí àwọn àti àwọn mìíràn fi dá Inland Waterways Association sílẹ̀ ní 1946. Òfin Ìrìnnà ọdún 1968 yà ọ̀pọ̀ ọ̀nà omi sọ́tọ̀ fún ìgbafẹ́, ìyẹn ni pé ìjọba gbà pé arìnrìn-àjò ìsinmi náà jẹ́ ìdí tó tó láti máa tún kánáàlì ṣe. Àwọn ọkọ̀ háyà kó ipa tí a kò gbọ́dọ̀ fojú kéré nínú èyí, torí pé ọ̀nà omi tí ọkọ̀ kò gbà kọjá a máa dí ni, àwọn ọkọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ láti oṣù kẹta dé oṣù kẹwàá ló sì jẹ́ kí abúlé àti ìlú etí omi rí èrè nínú rẹ̀. Ìhà gúúsù kánáàlì Stratford-upon-Avon padà ṣí ní 1964, Kennet àti Avon ní 1990, Huddersfield Narrow ní 2001, Rochdale sì tẹ̀lé e ní 2002. Láti oṣù keje 2012 ni àjọ Canal & River Trust ti gba àbójútó nǹkan bíi máìlì 2,000 ọ̀nà omi ní England àti Wales; ti Scotland wà lábẹ́ Scottish Canals.

Lọ́ọ̀kì

Ohun tó máa ń ba ẹni tó kọ́kọ́ yá ọkọ̀ lẹ́rù jù lọ ni lọ́ọ̀kì. Iyàrá omi ni lọ́ọ̀kì jẹ́, tí wọ́n fi òkúta tàbí bíríkì mọ, tó ní ilẹ̀kùn ńlá ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, tí a fi ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ẹ́ńjìnnì, omi fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà, èyí tó kù sì di ọwọ́ ènìyàn. Ọkọ̀ tó ń gòkè yóò wọ iyàrá náà nígbà tí omi inú rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Wọn yóò ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan yóò sì fi irin ìyípo, tí àwọn atukọ̀ ń pè ní windlass, gbé pátákó tó dí ihò omi ní ìhà òkè. Omi yóò máa ya wọlé, ọkọ̀ yóò máa bá a gòkè, títí omi inú iyàrá àti ti òkè yóò fi dọ́gba. Bí wọn kò bá tíì dọ́gba, kò sí agbára ènìyàn tó lè ṣí ilẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dọ́gba, ẹnì kan ṣoṣo tó fi ẹ̀yìn ti igi gígùn orí rẹ̀ lè ṣí i. Ó lé ní 100,000 lítà omi tí lọ́ọ̀kì tóóró kan sábà máa ń gbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ àwọn atukọ̀ pé bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ láti ìdojúkọ wọn tí omi inú iyàrá sì wà ní ìwọ̀n tirẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kọjá.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ ni ewu pọ̀ jù. Ìloro òkúta kan wà lábẹ́ ilẹ̀kùn òkè, tí omi máa ń bò nígbà tí iyàrá bá kún. Bí omi bá ti ń fà, ìloro náà yóò máa yọ síta, bí ìdí ọkọ̀ bá sì wà lórí rẹ̀, yóò há síbẹ̀ nígbà tí iwájú ṣì ń bá omi lọ sísàlẹ̀, omi yóò ya wọnú ọkọ̀, ó sì lè rì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fa ìlà funfun sí ẹ̀gbẹ́ lọ́ọ̀kì, tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró síwájú rẹ̀. Ẹni tó wà nídìí irin ìyípo kò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára ọkọ̀ rárá. Bí ó bá rí i pé ó há, kí ó ti ihò omi ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó rọra ṣí ti òkè láti fi gbé ọkọ̀ léfòó padà. Kò sí ẹ̀kọ́ mìíràn ní èbúté tó yẹ kí ènìyàn fi etí sí tó èyí.

Níbi tí òkè bá ti ga púpọ̀, àwọn lọ́ọ̀kì máa ń tò tẹ̀lé ara wọn. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà ní Caen Hill lẹ́bàá ìlú Devizes, mẹ́rìndínlógún nínú wọn sì wà lórí ìlà kan ṣoṣo tó gun òkè. Ní Bingley, lórí kánáàlì Leeds àti Liverpool, márùn-ún so mọ́ ara wọn bí àtẹ̀gùn láti 1774, tí ilẹ̀kùn òkè ọ̀kan jẹ́ ti ìsàlẹ̀ èkejì. Irú ibi bẹ́ẹ̀ a máa kó òǹwòran jọ, àwọn atukọ̀ sì ní orúkọ fún wọn, gongoozler ni wọ́n ń pè wọ́n.

Títu ọkọ̀

Ẹni tó ti mọ mọ́tò wà ní láti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀. Bí a bá ti ọ̀pá ìtọ́kọ̀ sí ọ̀tún, òsì ni iwájú ọkọ̀ yóò yà sí. Ìtòsí àárín ni ọkọ̀ ti ń yí, nítorí náà bí iwájú bá yà kúrò lára bèbè, ìdí lè lọ gbá a. Kò ní bíréèkì. Gíá ìpadàsẹ́yìn ni a fi ń dá a dúró, ọkọ̀ gígùn tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kò sì ní dúró kíákíá. Nígbà tí abẹ̀bẹ̀ kò bá yí, ìtọ́kọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn, nítorí omi tí abẹ̀bẹ̀ ń tì sí i ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Àárín omi ni a máa ń tọ̀ torí pé ẹ̀gbẹ́ kò jìn, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, olúkúlùkù yóò yà sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí omi bá ń ru gùdù tó ń bì lu bèbè lẹ́yìn ọkọ̀, eré ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹni tó bá sáré kọjá lára ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lè fa èèkàn rẹ̀ tu, bẹ́ẹ̀ ènìyàn lè máa sè oúnjẹ gbígbóná lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn ewu mìíràn wà tí ilé-iṣẹ́ máa ń kìlọ̀ lé lórí. A kì í fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ dènà ọkọ̀ kí ó má baà gbá ògiri. A kì í sì í jókòó lórí òrùlé nígbà tí afárá bá súnmọ́. Bí koríko tàbí ọ̀rá bá wé abẹ̀bẹ̀, a gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kí a tó ṣí ojú ihò tí a fi ń tú u. Ìtọ̀ eku inú omi lè kó àrùn leptospirosis ran ènìyàn láti ojú egbò, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kí a tó jẹun. Èéfín sítóòfù àti ẹ́ńjìnnì lè pa ènìyàn lójú oorun, agogo ìkìlọ̀ èéfín olóró kò sì gbọ́dọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀. Púpọ̀ nínú kánáàlì kò jìn ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n lọ́ọ̀kì àti odò gidi jìn, ó sì yẹ kí ọmọdé wọ ẹ̀wù ìléfòó nígbàkigbà tó bá wà níta.

Ètò àti ipa ọ̀nà

Àwọn atukọ̀ máa ń ro iye máìlì àti iye lọ́ọ̀kì pọ̀, wọ́n á sì fi 3 pín in láti mọ iye wákàtí. Ọ̀nà àyípo Cheshire jẹ́ máìlì 97 pẹ̀lú lọ́ọ̀kì 92, èyí tó já sí nǹkan bíi wákàtí 63. Bí wọ́n bá fẹ́ parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wákàtí mẹ́sàn-án ni wọn yóò máa fi tukọ̀ lójoojúmọ́, iṣẹ́ tó pọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó wá sinmi. Àwọn ilé-iṣẹ́ kì í gbà kí a tukọ̀ lóru.

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù bóyá ni kánáàlì Llangollen, níbi tí Thomas Telford àti William Jessop ti gbé omi gba orí odò Dee kọjá lórí afárá Pontcysyllte, tí wọ́n ṣí ní 1805. Òpó òkúta 18 ló gbé ọpọ́n irin tó gùn ní mítà 307, tó ga tó mítà 38 sókè odò. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti irin ìdáàbòbò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, etí ọpọ́n nìkan ló wà láàárín atukọ̀ àti àfonífojì. UNESCO fi í sára ogún àgbáyé ní 2009. Ihò Harecastle ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2.7, èyí tí Telford gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti Brindley ní 1827 nìkan ni ọkọ̀ ń gbà báyìí, ọkọ̀ kò sì lè pàdé nínú rẹ̀, nítorí náà àwọn olùṣọ́ máa ń jẹ́ kí wọ́n kọjá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ìhà kan lẹ́yìn èkejì.

Oṣù keje àti ìkẹjọ, tí iléèwé wà ní ìsinmi, ni owó háyà máa ń ga jù. Yàtọ̀ sí owó náà, oníbàárà yóò san owó ìdógò tàbí owó ìdójútòfò nítorí ìbàjẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì máa ń ka epo mọ́ owó nígbà tí àwọn mìíràn ń gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń ti àwọn lọ́ọ̀kì kan láti tún wọn ṣe. Lójú ọ̀nà, arìnrìn-àjò lè so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èèkàn ní ọ̀pọ̀ ibi ní bèbè láìsan nǹkan kan, kọ́kọ́rọ́ tí ilé-iṣẹ́ fún un sì ni yóò fi ṣí ibi tí wọ́n ti ń da ìgbọ̀nsẹ̀ nù. Ibi ẹnu ẹ̀rọ omi ni yóò ti máa rọ omi kún ọkọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, tó sábà máa ń jẹ́ aago mẹ́sàn-án, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti padà sí èbúté, nítorí wọ́n ní láti gbá a, kí wọ́n rọ epo sí i, kí wọ́n sì yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò kí àwọn tó kàn tó dé ní ọ̀sán.