Ohun tó ń mú whoopie pie rọ̀, látorí kòkó títí dé kírímù àárín ẹ̀

Ẹni tó bá ń rí whoopie pie fún ìgbà àkọ́kọ́, bísíkítì ńlá ló máa pè é, torí roboto ni, méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, kírímù funfun wá há sáàárín. Bísíkítì kọ́ o. Páì gan-an kọ́, orúkọ lásán ni páì tó ń jẹ́ yẹn. Kéèkì ṣokoléètì ni, tí wọn ò dà sínú páànù, wọ́n kàn bu àpòpọ̀ ẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ sórí tìréè, ó wá wú síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti wá, ìjà ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ò sì tíì parí: àwọn ará Maine ní tàwọn ni, wọ́n tiẹ̀ fi sínú òfin lọ́dún 2011 pé òun ni ìpápánu ìpínlẹ̀ àwọn, àwọn ará Pennsylvania náà ní àwọn Amish, ìyẹn àwọn Kristẹni kan tó ń gbé bí ayé àtijọ́, tó wà lọ́dọ̀ àwọn ló ni ín, apá ibì kan ní Pennsylvania yẹn náà rèé, gob ni wọ́n ń pè é ní tiwọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà á lọ.

Rírọ̀ ẹ̀ ló ń jẹ́ kéèyàn fẹ́ràn ẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa ń bàjẹ́ sí téèyàn bá ṣe é nílé. Ẹlòmíì á yan án tán, á gbẹ táútáú, tẹlòmíì á rọ̀ lóòótọ́ àmọ́ á tẹ́ pẹlẹbẹ bí ìdérí ìkòkò. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, nínú kéèkì yìí sha, ọ̀tá omi pọ̀: iná ófùn ń lé e jáde, fúláwà ń fà á mu, fíríìjì náà ń dúró dè é. Tẹ́ ẹ bá wo gbogbo nǹkan tí wọ́n ń kó sínú whoopie pie dáadáa, ẹ máa rí i pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju kí wọ́n mú omi wọlé, tàbí kí wọ́n dì í mú kó má lọ.

Ìwọ̀n tó máa ń jáde dáadáa nílé ni fúláwà gíráàmù 240, kòkó tí ò ní ṣúgà nínú gíráàmù 50, ṣúgà búráùn 200, bọ́tà 115, ẹyin kan, mílíìkì kíkan tí wọ́n ń pè ní buttermilk mìlílítà 240, baking soda ṣíbí tíì kan àti díẹ̀ lé, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, fàníílà ṣíbí tíì kan. Nǹkan bíi pèlébé 16 ló máa fún yín, ìyẹn ni pé odidi 8 tó tóbi dáadáa, tẹ́ ẹ bá sì ń bù ú kékeré, ó lè ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n jàre, ẹ má fi ife. Kòkó àti fúláwà máa ń wú nínú ife, téèyàn bá sì kì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí ó ti pọ̀ jù, fúláwà tó bá sì ti pọ̀ jù, omi ló máa kọ́kọ́ mu.

Ṣúgà búráùn yẹn, kì í ṣe torí àwọ̀ nìkan ni wọ́n ṣe ń lò ó. Omi ìrèké dúdú tó ṣẹ́ kù sára ẹ̀ yẹn máa ń fa omi mọ́ra, kì í sì í tètè jẹ́ kó lọ, ó tún kan díẹ̀, kíkan yẹn wúlò, ẹ máa rí i láìpẹ́. Ẹni tó bá fi ṣúgà funfun pààrọ̀ ẹ̀, kéèkì ẹ̀ á dùn o, àmọ́ kò ní rọ̀ tó ìyẹn lọ́jọ́ kejì.

Orí kòkó gan-an lọ̀rọ̀ wà. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ pé ó yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ ni kòkó tí wọn ò fi nǹkan kan sí, tó wà bó ṣe wà, àwọ̀ ẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì ní ásíìdì lára. Ìkejì ni èyí tí wọ́n fi álíkálì fọ̀ kí kíkan ẹ̀ lè lọ, Dutch process ni wọ́n ń pè é torí ìdílé Van Houten ní Netherlands ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ láti ọdún 1800 ó lé, ìyẹn dúdú jù, ó sì tutù lẹ́nu jù. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Baking soda ni. Baking soda ò lè dá ṣe nǹkan kan dáadáa, ó fẹ́ ásíìdì tó máa pàdé, tí wọ́n bá ti pàdé nínú omi ni gáàsì carbon dioxide á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, gáàsì yẹn ló ń wú kéèkì. Nínú whoopie pie, ibi mẹ́ta ni ásíìdì ti ń wá: lára mílíìkì kíkan, lára ṣúgà búráùn, àti lára kòkó tí wọn ò fọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá lo kòkó tí wọ́n ti fọ̀, ásíìdì dín kù nìyẹn, sódà tí ò rẹ́ni bá jà á kàn jókòó síbẹ̀, kéèkì yẹn á sì máa ta ẹnu bí ọṣẹ. Kò sọ pé kẹ́ ẹ má lo ìkejì o, ẹ kàn dín baking soda kù, kẹ́ ẹ sì fi baking powder díẹ̀ rọ́pò ẹ̀, torí pé ìyẹn ti ní ásíìdì tiẹ̀ nínú.

Àǹfààní kan tún wà nínú sódà yẹn táwọn èèyàn kì í sọ. Tó bá fi díẹ̀ ju ásíìdì lọ, àwọ̀ kòkó á ṣú sí i, ìdí nìyẹn tí whoopie pie tó dáa fi máa ń dúdú ju bí kòkó tẹ́ ẹ dà sí i ṣe rí lọ. Díẹ̀ la sọ o.

Tí ò bá sí mílíìkì kíkan nílé, ẹ mú mílíìkì lásán mìlílítà 225, ẹ da ṣíbí ìjẹun kan ọtí kíkan tàbí omi òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i, ẹ fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 10, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì wẹ́wẹ́. Kò ki tó ojúlówó, àmọ́ kíkan tá a fẹ́ wà níbẹ̀.

Ó wá kan pípò. Bọ́tà àti ṣúgà lẹ máa kọ́kọ́ lù pọ̀, bọ́tà yẹn gbọ́dọ̀ rọ̀ tó pé tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ ojú ìka á hàn, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ máa dán bí epo, nǹkan bí ìwọ̀n 18 sí 20 Celsius nìyẹn. Hóró ṣúgà máa ń gbẹ́ ihò kéékèèké sínú bọ́tà, afẹ́fẹ́ á wá há síbẹ̀, ìdí tẹ́ ẹ fi ń lù ú fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 nìyẹn títí á fi fúyẹ́ tí àwọ̀ ẹ̀ á fi mọ́ díẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé gáàsì inú baking soda kì í dá ihò tuntun sílẹ̀, inú ihò tẹ́ ẹ ti lù sílẹ̀ yẹn ló ń wọ̀ lọ, ihò yẹn ló ń fẹ̀ sí i. Bọ́tà tó bá ti yọ́ ò lè di afẹ́fẹ́ kankan mú, torí ẹ̀ ni kéèkì ẹni tó kánjú fi bọ́tà síná fi máa ń tẹ́.

Ẹyin ló máa tẹ̀ lé e, kó má ṣe jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì torí ó máa mú bọ́tà dì padà, gbogbo ẹ̀ á wá já wẹ́wẹ́ lójú yín. Lẹ́yìn ìyẹn, fúláwà tẹ́ ẹ ti fi asẹ́ jọ̀ pọ̀ mọ́ kòkó àti sódà (kòkó máa ń ṣe kókó gan-an, ẹ má fo asẹ́ yẹn o), ẹ da ìdá kan sí i, ẹ da mílíìkì díẹ̀ sí i, fúláwà, mílíìkì, ẹ parí ẹ̀ sórí fúláwà. Tí fúláwà bá ti fara kan omi, okùn kan tí wọ́n ń pè ní gluten á bẹ̀rẹ̀ sí í so nínú ẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe ń rò ó tó ni okùn yẹn á ṣe máa le tó, búrẹ́dì ló fẹ́ irú ẹ̀, kéèkì ò fẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ ò bá ti rí fúláwà funfun mọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò.

Àpòpọ̀ tó yẹ máa ki ju ti kéèkì inú páànù lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé ṣíbí sókè, kó rọra já bọ́ pọ̀ọ̀, kó má ṣàn. Omi tó pọ̀ nínú ẹ̀ ló máa jẹ́ kó rọ̀, kíki ẹ̀ ló sì máa jẹ́ kó dúró bí òkìtì kékeré láìní páànù tó máa gbá a mú, bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n láàárín méjèèjì yìí ni gbogbo ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀. Tó bá dà bíi pé ó fẹ́ ṣàn, ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú 10 sí 15, kòkó àti fúláwà á mu omi díẹ̀ sí i, á ki fúnra ẹ̀, kò nílò kẹ́ ẹ tún da fúláwà sí i.

Ẹ fi ṣíbí tí wọ́n fi ń bu áísìkírímù bù ú sórí pépà tí wọ́n ń tẹ́ sórí tìréè, torí méjì méjì lẹ fẹ́ lẹ̀ pọ̀, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ láàárín wọn. Ófùn á ti gbóná dé 180 Celsius kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé, tó bá jẹ́ èyí tó ní fáànù, 160 ti tó.

Eré ìje kan ló máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ófùn yẹn. Bọ́tà á kọ́kọ́ yọ́, àpòpọ̀ á fẹ́ tẹ́ lọ, gáàsì náà á máa wú, ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ iná jù ló máa kọ́kọ́ gbóná, ẹyin àti stáàṣì inú fúláwà á dì níbẹ̀, àárín tí ò tíì dì á wá ní ibì kan ṣoṣo tó lè lọ, òkè ni. Bó ṣe ń yọ ikùn nìyẹn. Tí ófùn ò bá gbóná tó, ó ti tẹ́ tán kí ẹ̀gbẹ́ tó dì, tó bá sì gbóná jù, òkè á ti le kí àárín tó wú tán, á wá là fọ́.

Ìṣẹ́jú 10 sí 13 ni. Wàhálà ẹ̀ ni pé ó ti dúdú tẹ́lẹ̀, kò sí pé èèyàn ń wò bóyá ó ti pọ́n. Ìka lẹ máa fi mọ̀ ọ́n: ẹ rọra tẹ àárín, tó bá ta padà, ó ti jinná, tójú ìka bá dúró síbẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá wá ń gbọ́ òórùn ṣokoléètì káàkiri ilé, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti pẹ́ díẹ̀, torí pé òórùn yẹn, omi tó ń sá jáde ló ń gbé e bọ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ló wà láàárín rírọ̀ àti gbígbẹ níbí, ó sàn kẹ́ ẹ tètè yọ ọ́ torí ooru tó kù nínú ẹ̀ ṣì ń sè é lórí tìréè.

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Bọ́tà ló wà nínú kírímù, kò sì ju bí ìwọ̀n 32 sí 35 tó fi máa yọ́, ìyẹn ò tó ooru ara èèyàn, nítorí náà kéèkì tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ti tó láti sọ ọ́ di omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kírímù pín sí oríṣiríṣi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi Marshmallow Fluff ṣe, nǹkan funfun inú ike tí wọ́n fi síróòpù àgbàdo, ṣúgà àti ẹyin funfun gbígbẹ ṣe, wọ́n á lù ú mọ́ bọ́tà àti ṣúgà lẹ́búlẹ́bú. Ó yára, ó dùn, àmọ́ adùn ẹ̀ le díẹ̀. Èyí tó dáa jù, tẹ́ ẹ bá ráyè, ni ti mílíìkì sísè: fúláwà gíráàmù 35 nínú mílíìkì mìlílítà 250, ẹ rò ó lórí iná kékeré láìdáwọ́ dúró títí á fi ki tí orí ẹ̀ á máa yọ bọ̀ọ̀lì bọ̀ọ̀lì, ẹ gbé e kalẹ̀ kó tutù, ẹ wá lu bọ́tà 225 pẹ̀lú ṣúgà 200 títí á fi funfun, kẹ́ ẹ máa bu èyí tẹ́ ẹ sè sí i díẹ̀díẹ̀. Stáàṣì ti gba omi inú mílíìkì yẹn mú, ìdí nìyẹn tí bọ́tà fi gbà kó wọlé láìyapa, kírímù yẹn máa ń fúyẹ́, kì í sì í dùn jù. Tó bá já wẹ́wẹ́ lójú yín, ẹ má dà á nù, ó tutù jù ni, ẹ máa lù ú lọ.

Tẹ́ ẹ bá wá lẹ̀ ẹ́ pọ̀ tán, ẹ ò ní rí adùn ẹ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ó di ọjọ́ kejì. Omi á rìn káàkiri mọ́jú, á kúrò láàárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó gbẹ, ṣúgà tó wà lórí kéèkì náà á fà á, orí ẹ̀ á wá rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Torí lílẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń fi ọ̀rá we ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọn kì í tò wọ́n léra. Fíríìjì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀, òtútù fíríìjì ló tètè ń jẹ́ kí stáàṣì inú kéèkì le padà, àmọ́ tó bá jẹ́ kírímù mílíìkì sísè tàbí cream cheese (wàràkàṣì rírọ̀) lẹ lò, dandan ni kó wọ ibẹ̀, kẹ́ ẹ kàn tètè gbé e jáde kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́. Fírísà dáa jù ú lọ fún èyí tó máa pẹ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ gbé e jáde, ẹ má tíì tú ọ̀rá ara ẹ̀ títí yìnyín á fi yọ́ tán, kó lè jẹ́ ara ọ̀rá yẹn ni omi máa làágùn sí, kó má lọ rọ kéèkì.