Omi aláwọ̀ ewé, ẹja ń kú: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ewédò àti ewéko inú adágún ẹja

Ìbéèrè: Omi adágún mi tutù bí ewé, ó dára lójú lọ́sàn-án. Kí ló dé tó jẹ́ ìdájí ni ẹja máa ń gbẹ́nu sókè, tí òmíràn á sì ti kú?

Ewédò (algae), ohun tíntìntín tó ń hù nínú omi bí ewéko, ló sọ omi yín di àwọ̀ ewé. Ó kéré débi pé ojú kò lè rí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àfi tó bá ti pọ̀. Bí oòrùn bá ń ràn, ewédò ń pèsè oúnjẹ ara rẹ̀, ó sì ń tú ọ́síjìn sínú omi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iṣẹ́ yẹn dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dáwọ́ mímí dúró. Ewédò, ẹja àti ìdọ̀tí tó ń jẹrà nísàlẹ̀ á jọ máa fa ọ́síjìn kan náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí oòrùn tó yọ gan-an ni ọ́síjìn máa ń kéré jù. Bí ewédò bá ṣe pọ̀ tó lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni ìyàn ọ́síjìn á ṣe mú tó lóru.

Epìyà ló máa kọ́kọ́ kú. Àrọ̀ lè jáde wá mí sí afẹ́fẹ́ lókè omi, nítorí náà adágún àrọ̀ lè fi ìṣòro yìí pamọ́ fún yín fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò tíì ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí bẹ́ẹ̀, ó sì ń kú bí epìyà.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ewédò ti pọ̀ jù?

Ẹ wá ọmọrí ike ọ̀dà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ kun méjì tó dojú kọra ní funfun, méjì yòókù ní dúdú. Ẹ so òkúta mọ́ ọn nísàlẹ̀, kí ẹ sì so okùn tí ẹ ti sàmì sí ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá mọ́ ọn lókè. Láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ kò fi ní rí i mọ́.

Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45, ẹ fi omi yín sílẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tó 20, ẹja yín wà nínú ewu ní gbogbo ìdájí. Bó bá ju 60 lọ, ìmọ́lẹ̀ ti ń dé ìsàlẹ̀, koríko tó ní gbòǹgbò máa hù níbẹ̀ láìpẹ́. Ẹ ò rí i pé àwọ̀ ewé díẹ̀ wúlò: òun ló ń ṣíji bo ìsàlẹ̀ adágún. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ náà lè dí ojú omi. Ẹ bu omi náà sínú ife funfun kan kí ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ á silẹ̀, ewédò kò ní silẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo ni ewédò ti ń rí oúnjẹ jẹ?

Lọ́wọ́ yín ni. Nínú nitrogen, èròjà tó ń mú ewéko dàgbà, tó wà nínú oúnjẹ tí ẹ ń fún ẹja, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń di ara ẹja. Ìyókù ń tọ inú omi lọ, pàápàá bí ẹ bá tún ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Oúnjẹ tó bá ṣì léfòó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù lọ́jọ́ kejì. Ẹ dáwọ́ ìgbẹ́ adìyẹ dúró títí ọmọrí á fi padà sí sẹ̀ǹtímítà 30.

Ìbéèrè: Ṣé kí n da oògùn sí i kí gbogbo rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà?

Rárá o. Àṣìṣe tó ń pa ẹja jù nìyí. Ewédò tó kú á jẹrà, ìjẹrà ń jẹ ọ́síjìn, kò sì sí èyí tó wà láàyè tó máa tú òmíràn jáde lọ́sàn-án. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹja ló máa tẹ̀ lé e.

Kópà sọ́fẹ́ètì, òkúta aláwọ̀ búlúù yẹn, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn alkalinity omi yín, ìyẹn ìwọ̀n ẹfun tó yọ́ sínú rẹ̀. Ẹ pín iye tí ẹ bá rí, ní mílígíráàmù nínú lítà kan, sí ọ̀nà 100, èyí á fún yín ní gíráàmù tí mítà onígun kan omi lè gbà. Adágún tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10, tó jìn ní mítà 1, jẹ́ mítà onígun 200. Bí alkalinity bá jẹ́ 100, gíráàmù 200 ni gbogbo rẹ̀. Bí kò bá tó 50, ẹ má dán an wò, nítorí kópà á pa ẹja fúnra rẹ̀. Adágún tó jẹ́ omi òjò nìkan ló kún un sábà máa ń wà ní ipò yìí. Ohun tó sàn jù ni kí ẹ fa ìdá kan nínú mẹ́rin omi ìsàlẹ̀ jáde, kí ẹ fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè: Ewédò tó rí bí òwú tútù ńkọ́?

Ìsàlẹ̀ ló ti ń hù, ọ́síjìn tó há sínú rẹ̀ ló gbé e léfòó. Ẹ fi igi gígùn tó ní ìkọ́ wé e bí ẹni ń ká òwú, kí ẹ fà á jáde. Ibi tí omi kò ti jìn ló fẹ́ràn, nítorí náà ẹ gbẹ́ etí adágún kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 75.

Ìbéèrè: Ojúoró, òṣíbàtà àti gbéborùn ńkọ́?

Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, a mọ̀ wọ́n láti ilẹ̀ baba wa. Gbéborùn, ewéko olódòdó àlùkò tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ni àlejò. Ọdún 1984 ni wọ́n rí i lójú omi Badagry, láti apá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin ló ti wọlé. Ẹ gé ìdí ewé rẹ̀ tó wú yẹn, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ rí bíi fóòmù. Ohun tó ń gbé e léfòó nìyẹn. Ìyá ń na okùn kan jáde, ọmọ á hù lórí okùn náà, bí ìwọ́ ṣe so ọmọ mọ́ ìyá. Bí omi bá lọ́ràá, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èso rẹ̀ sì lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hù.

Ẹ fà á tu tìyá-tọmọ kó tó yọ òdòdó, kí ẹ padà lọ wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má kó o jọ sétí adágún, nítorí oje ìjẹrà rẹ̀ á ṣàn padà sínú omi. Ẹ gbé e jìnnà, ẹ sá a, kí ẹ fi ṣe ajílẹ̀. Ẹ ta àwọ̀n sí ẹnu ibi tí omi ti ń wọlé.

Ìbéèrè: Omi mi yí padà láti àwọ̀ ewé sí ràkọ̀ràkọ̀ láàárín ọjọ́ kan, ó sì ń rùn. Kí ni kí n ṣe lálẹ́ òní?

Ewédò yín ti kú, bóyá nítorí ojú ọjọ́ tó ṣú fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fún ẹja ní oúnjẹ kankan fún ọjọ́ méjì. Láti ọ̀gànjọ́ òru, ẹ tan pọ́ǹpù kó máa fọ́n omi sókè, kí ẹ gbé ẹnu rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kó má baà ru ẹrẹ̀. Bó bá jẹ́ omi kànga-dẹ̀rọ lẹ fẹ́ dà sí i, ẹ jẹ́ kó gba orí páànù tí ẹ lu ihò sí kọjá, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sábà ní ọ́síjìn púpọ̀. Ẹ má pa pọ́ǹpù títí oòrùn á fi ràn fún wákàtí méjì.