Ọdẹ Ọkọ̀ Káyáàkì ní Grínlándì

Ọdẹ ọkọ̀ káyáàkì ni iṣẹ́ ọdẹ tí àwọn ẹ̀yà Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ àríwá ayé níbi tí òtútù ti mú gan-an, ń ṣe lójú òkun Grínlándì, erékùṣù ńlá kan nítòsí Kánádà. Ọdẹ kan ṣoṣo ló ń jókòó sínú ọkọ̀ tóóró tí a fi awọ bò, tí yóò máa lépa síìlì (ẹranko òkun tó ní ọ̀rá púpọ̀ lábẹ́ awọ), walrus (ẹranko òkun ńlá tó ní eyín gígùn méjì) àti narwhal, ìyẹn irú àbùùbùtán kékeré kan tí eyín gígùn máa ń yọ lórí akọ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé etíkun ibẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, nítorí púpọ̀ ilẹ̀ náà ni yìnyín bò, oko dídá kò sì rọrùn níbẹ̀. Lóde òní, agbègbè Qaanaaq ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ni ó ti wọ́pọ̀ jù, narwhal sì ni wọ́n ń fi í pa níbẹ̀.

Ọkọ̀ náà

Igi ńlá ṣọ̀wọ́n ní Grínlándì. Igi tí àwọn odò Sàìbéríà ń kó sínú òkun, tí ìgbì ń gbé wá sí èbúté, ni àwọn ará àtijọ́ ń ṣà fi ṣe egungun ọkọ̀. Okùn awọ àti iṣan ẹran ni wọ́n fi ń dì í dípò ìṣó, kí ọkọ̀ lè máa tẹ̀ bí ìgbì bá ń gbá a láìṣẹ́. Àwọn obìnrin ló ń rán awọ síìlì bò ó. Abẹ́rẹ́ wọn kì í gún awọ já sí ẹ̀yìn, kí omi má baà rí ihò gbà wọlé. Láìsí iṣẹ́ ọwọ́ wọn yìí, kò sí ọkọ̀ tó lè dé ojú agbami.

Ara ẹni tó máa wà á ni wọ́n fi ń wọn ọkọ̀. Ó sábà máa ń gùn ju mítà 5 lọ díẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdajì mítà. Ọdẹ á wọ ẹ̀wù awọ tí wọ́n ń pè ní tuilik, á dè é mọ́ ẹnu ihò ìjókòó, á sì fún un mọ́ ojú àti ọrùn ọwọ́. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, omi kò ní wọlé, ọdẹ á sì fi àjẹ̀ gbé ara rẹ̀ padà sókè láìjáde. Omi ibẹ̀ tutù débi pé ẹni tó bá jáde kì í pẹ́ kú.

Ọ̀kọ̀ olókùn àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun tó mú kí ọdẹ yìí ṣeé ṣe ni ọ̀kọ̀ olókùn, ó sì yẹ kí a là á yé dáadáa. Bí ọ̀kọ̀ bá ti wọ ara ẹran, orí rẹ̀ á yọ kúrò lára igi, á sì dábùú lábẹ́ awọ àti ọ̀rá. Bí ẹran bá ṣe ń fà á tó ni ó ń di mọ́ ọn sí i. Okùn awọ gígùn kan so orí yìí mọ́ avataq, odindi awọ síìlì tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ kún, tí ó wà lẹ́yìn ọdẹ lórí ọkọ̀. Okùn náà fúnra rẹ̀ wà ní kíká lórí pẹpẹ kékeré níwájú rẹ̀. Pátákó kan tí wọ́n ń pè ní norsaq ni ọdẹ fi ń ju ọ̀kọ̀. Ó dà bí ẹni pé ó fi kún gígùn apá rẹ̀, ọ̀kọ̀ á sì lọ jìnnà pẹ̀lú agbára.

Gbàrà tí ọ̀kọ̀ bá bà ni ọdẹ gbọ́dọ̀ ti avataq sómi. Bí okùn bá há mọ́ apá rẹ̀ tàbí mọ́ ara ọkọ̀, ẹran á wọ òun àti ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀. Avataq ló ń tán ẹran lókun, òun náà ló ń fi ibi tí yóò ti yọrí hàn, kí ọdẹ lè lọ fi ọ̀kọ̀ mìíràn parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi èèkàn kékeré dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣòfò, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sábẹ́ awọ ẹran kó lè léfòó, wọ́n á sì fi okùn wọ́ ọ lọ sílé.

Ìbọn kò lé ọ̀kọ̀ kúrò pátápátá. Síìlì tó sanra nígbà òtútù sábà máa ń léfòó bí a bá yìn ín níbọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀rá rẹ̀ ti dín kù, omi yìnyín tó yọ́ sì ti dín iyọ̀ ojú òkun kù, nítorí náà ó máa ń rì kí ọdẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń lo ìbọn nínú káyáàkì a máa ta aṣọ funfun sí iwájú ọkọ̀, kí síìlì lè rò pé yìnyín ni.

Ewu

Yàtọ̀ sí ìgbì àti walrus, àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ilẹ̀ Dẹ́nmárkì kọ nípa rẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lọ́jọ́ tí òkun bá pa rọ́rọ́, tí oòrùn ń tàn lójú omi, òòyì á máa kọ́ ọdẹ tó dá wà. Á máa rò pé ọkọ̀ ń rì tàbí pé ó ń fẹ̀gbẹ́, ẹ̀rù á sì bà á débi pé kò ní lè mira. Àwọn kan kò padà sójú omi mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó jọ pé ojú tí kò rí ohun kankan dì mú ló ń fà á.

Ìtàn àti òfin

Ó ṣe pàtàkì pé àwọn Inuit àríwá jíjìn ti pàdánù ìmọ̀ káyáàkì nígbà kan. Ní àwọn ọdún 1860, àwọn aṣíkiri Inuit tí aṣáájú wọn, Qitdlarssuaq, kó wá láti Erékùṣù Baffin ní Kánádà ló dá a padà fún wọn. Ní gúúsù, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àti iṣẹ́ ẹja pípa mú kí ó dínkù ní ọ̀rúndún ogún.

Ní Qaanaaq, òfin àdúgbò sọ pé ọ̀kọ̀ láti inú káyáàkì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ba narwhal kí a tó yìn ín níbọn, kí èyí tó fara gbọgbẹ́ má baà rì gbé. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni àwọn ọdẹ fi ń dé ibùdó, wọ́n á wá dúró ní ìdákẹ́rọ́rọ́ títí agbo narwhal yóò fi kọjá, kí wọ́n tó wa káyáàkì tẹ̀ lé wọn láti ẹ̀yìn. Mattak, awọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá abẹ́ rẹ̀, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ń jẹ ẹ́ ní tútù, ó sì kún fún fítámì C. Láti ọdún 2004 ni ìjọba Grínlándì ti ń fi òǹkà dé iye narwhal tí a lè pa.

Àwọn Unangan ní erékùṣù Aleutian, Alaska, náà ní irú ọkọ̀ yìí. Àwọn oníṣòwò Rọ́ṣíà fi ipá mú wọn lò ó láti fi pa ẹranko otter òkun nítorí awọ rẹ̀, lẹ́yìn ìrìn-àjò tí Vitus Bering, atukọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún Rọ́ṣíà, rìn ní ọdún 1741.